Ẹni Tó Ń Ṣí Ọjà Ìyá Mi

Kí n tó la ojú láàárọ̀, etí mi á ti jí. Ìró ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ bá mi lórí ẹní. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbá iwájú ilé. Láti ẹsẹ̀ ògiri ni yóò ti gbá a títí dé etí gọ́tà, á máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbá a lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí télọ̀ ni bàbá mi, ó sì máa ń fẹ́ kí òun ti rán apá ẹ̀wù kan tán kí ó tó pè wá sí àdúrà. Ṣùgbọ́n ìró tó máa ń gbé mi dìde gan-an ni ti àkàrà àkọ́kọ́ tí Ìyá Ràfíù bá jù sínú epo gbígbóná níta. Ariwo kékeré ni, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Mo ti di arúgbó báyìí, inú ilé tí fèrèsé rẹ̀ ní gíláàsì ni mo ń gbé, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí nǹkan bọ́ sínú epo gbígbóná láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á ti fẹ́ kan ilẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń dúró dè mí níta mọ́.

Àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni ilé wa wà, ó kọjú sí títì. Láàárín fàráńdà bàbá mi àti gọ́tà, ilẹ̀ tóóró kan wà tí kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní mẹ́fà sí lọ, orí ilẹ̀ yìí ni àwọn obìnrin mẹ́ta ti ń ta oúnjẹ. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ. Igbá ńlá kan ló ń to èyí tí a ti pọ́n sínú ewé sí, á fi aṣọ funfun bò ó, ìkòkò ògì gbígbóná á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mu ún. Ìyá Ràfíù tó ń gbé ilé kejì ń din àkàrà lábẹ́ igi ìyeyè. Mùsùlùmí ni òun àti ọkọ rẹ̀, wọn á ti kírun tán kí ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀kọ kò ní í ṣe kó má nawọ́ sí àkàrà, nítorí náà ìyá mi àti Ìyá Ràfíù ò lè bá ara wọn jà bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́. Ẹnì kẹta ni Màmá Ìpele. Láti Ìpele ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Ọ̀wọ̀, iṣu sísun ló sì ń tà. Á fi ọ̀bẹ ha ara iṣu náà títí yóò fi pọ́n bí awọ búrẹ́dì, á là á sí méjì, á bu epo pupa àti ata sí orí ewé fún ọ. Ọ̀bẹ yẹn mú, ṣùgbọ́n ẹnu Màmá Ìpele mú jù ú lọ. Àwọn tó ń ra oúnjẹ ni dírẹ́bà tó ń lọ sí ọ̀nà Ìkàrẹ́, àwọn tó ń ru kòkó, akọ̀wé kóòtù tó ti wọ bàtà, àti àwa ọmọ ilé-ìwé tí a ti gé èékánná nítorí ìbẹ̀rù tíṣà. Orí ìdúró ni gbogbo wọn ń jẹun. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé oúnjẹ tí a jẹ lórí ìdúró, ẹsẹ̀ ló ń lọ, ṣùgbọ́n òun náà á na ọwọ́ láti fàráńdà gba àkàrà méjì, á sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Èmi ni mo máa ń ṣí ọjà fún wọn. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ òǹtajà láàárọ̀ ló ṣí ọjà rẹ̀, a sì gbà pé bí ọwọ́ ẹni náà bá ṣe rí ni ọjà ọjọ́ náà yóò ṣe rí. Ọwọ́ ẹlòmíràn fúyẹ́. Bó bá ti rà tán, àwọn ènìyàn á máa wọ́ tẹ̀lé e. Ọwọ́ ẹlòmíràn wúwo. Bó bá ra tìrẹ lónìí, ìwọ àti ọjà rẹ ni ẹ jọ máa padà sílé. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ra ẹ̀kọ kan lọ́wọ́ ìyá mi nínú eré, ẹ̀kọ náà sì tán kí oòrùn tó gbẹ ìrì. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n tún rà á wò. Kó tó tó oṣù kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jẹ́ ta nǹkan kan kí n tó dé. Ọ̀nà àtiṣe é ní òfin. Mi ò gbọdọ̀ yọwó. Mi ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òsì gbà á. Mo gbọ́dọ̀ gé e jẹ níwájú ẹni tó tà á fún mi, kí n gbé e mì, kí n tó sọ pé, "Ọlọ́run á bù sí i." Ohun tí a fi ṣí ọjà ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Èyí tó le jù nínú òfin náà nìyẹn, mo sì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi bí mo bá ń jẹ ẹ́, kí ẹyọ kan má baà já bọ́.

Ẹ́pìnnì tí mo fi ń ra ẹ̀kọ, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń tú u láti etí ìró rẹ̀ fún mi. Màá gbà á, màá yípo, màá fi lé e lọ́wọ́ padà, á sì fún mi ní ẹ̀kọ. Èyí máa ń pa bàbá mi lẹ́rìn-ín.

"Owó kúrò ní ìdí ìyàwó mi, owó padà sí ìdí ìyàwó mi," á wí láti ìdí ẹ̀rọ. "Ọjà wo wá lẹ tà?"

"Bàbá Mójí, ẹ máa rán aṣọ yín," ìyá mi á dá a lóhùn. Èmi ni Mójí; láti ìgbà tí mo ti ń ṣí ọjà ni wọ́n ti ń fi orúkọ mi pe àwọn òbí mi.

Bàbá mi ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí àlùfáà bá lọ sí àwọn ìjọ oko, kò sì nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run nìkan ni òun mọ̀. Ìyá Àgbà, tí a ti rì bọmi kí a tó bí ìyá mi, tó sì mọ orin púpọ̀ láìwo ìwé, á fèsì fún un pé, "Ta ló wá dá ọghọ́ ọmọ?" Ọghọ́ ni ó ń pe ọwọ́, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pè é, àwa tí a ń lọ sí ilé-ìwé ni wọ́n kọ́ ní èkejì. Bàbá mi kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn kọjá ibẹ̀ yẹn. Ní tèmi, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni tàbí oore. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ kẹrin nínú ilé ni mí, kò sí ohun kan tí mo lè ṣe tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò ti ṣe é jù mí lọ, ṣùgbọ́n láàárọ̀, ìyá mi ò jẹ́ ṣí aṣọ kúrò lórí igbá rẹ̀ títí èmi yóò fi dé.

Ọdún Ìgógó, tí ọkùnrin kì í dé fìlà ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí a bá ń ṣe é, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń dé fìlà, nígbà tí ọkùnrin kan gba ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tiwa. Bọ̀dá Bọ́mà ni gbogbo wa ń pè é nítorí pé ó bá wọn lọ sí ogun Bọ́mà, ó se oúnjẹ fún àwọn sójà níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó kiri iṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, kó tó sọ pé òun fẹ́ jókòó sílé. Bàbá rẹ̀ ní oko kòkó ní Ìmẹ̀rí, ó sì ti ránṣẹ́ sí i pé bó bá ti sọ ìsọkúsọ rẹ̀ tán, àdá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìsọkúsọ náà ni pé ó fẹ́ ta tíì àti búrẹ́dì fún àwọn ará Ọ̀wọ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró bí tiwa. Ó gbé bẹ́ǹṣì méjì jáde sí etí títì, ó gbé tábìlì sí àárín wọn, ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sí i, ó sì to kọ́ọ̀pù táńganran sí orí rẹ̀ tí wọ́n ń dán. A ti ń gbọ́ nípa tíì. Wọ́n ní àlùfáà ń mu ún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú ilé wa tó ti fi ẹnu kàn án rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ènìyàn dúró yí i ká bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jókòó.

Ìyá Ràfíù ké sí i láti ìdí àgbadà. "Bọ̀dá, ẹ ò ní í pe ẹni tó máa ṣí i fún yín?"

"Ìyá Ràfíù, níbi tí mo ti wá, ẹni tí ebi bá ń pa ló ń ṣí ọjà."

"Ṣé ẹ ta nǹkan níbẹ̀?" Màmá Ìpele bi í. "Mo rò pé ìjà lẹ lọ jà."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wo bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ó wo apá ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wá."

Mo sọdá títì pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé mi. Ó gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí àgbàlagbà, ó sì fi kẹ́tùlù dúdú kan da tíì sí kọ́ọ̀pù fún mi. Láti ìdájí ni ewé tíì náà ti ń hó lórí iná, bí àwọn sójà ṣe ń mu ún nínú òtútù orí òkè. Ó dúdú bí omi aró. Ó kán mílíìkì díẹ̀ sí i, kò mú kó pọ́n rárá. Mo gbé e sókè. Ó gbóná, mo sì rò pé gbígbóná nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo gba ẹnu kan. Mo fẹ́ gbé e mì. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí mi pé mo fẹ́ gbé e mì. Ọ̀fun mi ló kọ̀ ọ́. Ó padà jáde láti ẹnu àti imú mi, ó dà sórí aṣọ tábìlì, ó dà sórí bàtà Bọ̀dá Bọ́mà, èyí tó kù sì kan ilẹ̀.

Kò sí ẹni tó pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Mo gbọ́ tí Màmá Ìpele sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ní òdìkejì títì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi òkú: "Ó ti bà á jẹ́." Bọ̀dá Bọ́mà mú aṣọ ìnujú láti èjìká rẹ̀, ó nu ẹnu mi kó tó nu bàtà rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ sí ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ yẹn àwọn kan jókòó mu tíì rẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì fi ìdajì sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù. Ní ọjọ́ kejì wọ́n dín kù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun nìkan ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì méjèèjì, lónìí lórí èyí, lọ́la lórí ìyẹn, ó ń fi búrẹ́dì tó ti le bọ́ adìyẹ Ìyá Àgbà. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni èmi.

Màmá Ìpele ló kọ́kọ́ ṣíwọ́ pípè mí. Ó mú ọmọkùnrin kan láti ilé kẹta láti máa ṣí ọjà rẹ̀, ọmọ tí imú rẹ̀ kì í gbẹ. Ìyá Ràfíù kò lé mi. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kàn máa yí àkàrà, á ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí epo gbóná díẹ̀ sí i." Màá dúró. Ẹlòmíràn á dé, epo á sì gbóná lójijì. Ọmọdé kì í pẹ́ kó tó mọ irú nǹkan báyìí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mi ò lọ mọ́. Èyí dùn mí, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìyá mi ṣì ń fún mi ní ẹ́pìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ ò tán ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ń ku ogún, ó ń ku ọgbọ̀n, a ń jẹ ẹ́ ní ọ̀sán, a ń jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, èyí tó bá kan sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ ewúrẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn àdúrà, mo jáde sí fàráńdà. Ìyá mi ti ń ká aṣọ funfun kúrò lórí igbá nígbà tí mo yọ. Ó rí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó sì rọra fa aṣọ náà padà.

"Mójí," ó ní, "lọ bá mi wo iná tó wà lẹ́yìnkùlé."

Mo lọ wò ó. Kò sí iná lẹ́yìnkùlé. Eérú tútù ni mo bá, àti adìyẹ kan tó ń fi ẹsẹ̀ tú u. Nígbà tí mo padà dé iwájú ilé, dírẹ́bà kan ti ń jẹ ẹ̀kọ, ìyá mi sì ń wo títì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Kò bi mí nípa iná náà. Èmi náà ò sọ fún un. Mo gba ẹ̀kọ mi, mo lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ nílé ìwẹ̀, kí ẹlòmíràn lè ti rà kí n tó jáde. Mo ti sin ìyá mi báyìí, mo sin ín dáadáa, mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí gígùn tí Ọlọ́run fún un, kò sì sí ọmọ tó ní ìyá tó sàn ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ronú nípa ìgbà èwe mi, ọwọ́ rẹ̀ tó dúró lórí aṣọ funfun yẹn máa ń wá láìpè.

Bàbá mi rí i. A rò pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lára abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó rí i. Ní ọjọ́ kejì, ó jáde sí fàráńdà pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó bá àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì ga.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ọmọ yìí di òrìṣà, kò bẹ̀ yín. Ní báyìí ẹ fẹ́ sọ ọ́ di àjẹ́, kò ṣẹ̀ yín."

"Bàbá Mójí, ta ló pe ọmọ ní àjẹ́?" Màmá Ìpele ní. "Ọwọ́ la ń sọ."

"Ara ta ni ọwọ́ náà wà?"

Ìyá mi tẹ orí ba. Ìyá Ràfíù ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì fi àkàrà márùn-ún ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìbáwí lè mú kí ènìyàn ṣàánú ọmọ, kò lè mú kí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bọ̀dá Bọ́mà sọdá wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi pẹ̀lú ṣòkòtò kan ní apá. Ó fẹ́ kí bàbá mi bá òun dín ìbàdí rẹ̀ kù nítorí pé òun ti rù. Mo wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ, mo ń ṣa òwú. Mo fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ó ti rí mi.

"Mójí, ṣé o ń bá mi bínú ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá dé tí o tu tíì mi?"

Ẹsẹ̀ bàbá mi dúró lórí ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹnì kan tó bi mí ní ìbéèrè yìí rí. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé ọwọ́ mi ni.

"Ó korò, sà," mo ní. "Ó dà bí àgbo tí Ìyá Àgbà ń sè fún ibà."

Bọ̀dá Bọ́mà yí ṣòkòtò náà po lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó mu ún ló ní ó dáa."

"Kí lo fẹ́ kí wọ́n wí?" Ìyá Àgbà sọ láti inú ilé. A ò mọ̀ pé ó ń gbọ́. "Àlejò tó jẹ iyán onílé, ṣé á ní ó ní kókó ni? Èmi náà mu ún. Mo ní ó dáa. Mo wá lọ jẹ obì kí ẹnu mi lè padà sí ipò rẹ̀."

Bàbá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Bọ̀dá Bọ́mà náà rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó sórí àpótí, ó sì ń nu ojú rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́wàá," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń wo bàbá mi àti àdá lójú àlá, kò sì sí àgbà kan tó lè sọ fún mi pé tíì mi korò."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé kẹ́tùlù rẹ̀ wá sí fàráńdà wa, ó ń se é, èmi àti Ìyá Àgbà ń tọ́ ọ wò. Ewé tó pọ̀, ó dín in kù. Kò jẹ́ kó pẹ́ lórí iná mọ́. Ó da mílíìkì inú agolo sí i títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí ti ilẹ̀ ilé wa lẹ́yìn òjò. Ó kó ṣúgà sí i, Ìyá Àgbà ní kó tún kó o sí i. Nítorí pé mo ní ó gbóná, ó mú kọ́ọ̀pù méjì, ó ń dà á láti inú ọ̀kan sí èkejì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, títí ó fi ń yọ ìfófó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Ìyá Àgbà mu tirẹ̀ tán, ó dorí kọ́ọ̀pù kodò, ó ní, "Èyí kì í ṣe oògùn mọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yin nǹkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ajé ó tún bẹ́ǹṣì gbé síta, ó sì kígbe pè mí níṣojú gbogbo wọn. Mo jókòó. Mo mu ún tán láìgbé e kúrò lẹ́nu, mo sọ pé, "Ọlọ́run á bù sí i." Dírẹ́bà kan tó ń jẹ ẹ̀kọ ìyá mi wo ojú mi, ó ní òun náà fẹ́ tọ́ ọ wò. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀. Kó tó di pé agogo ilé-ìwé lù, kò sí àyè lórí bẹ́ǹṣì, àwọn akọ̀wé kóòtù ń dúró de ara wọn. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé wọn ò fi tíì jẹ búrẹ́dì nìkan. Wọ́n ń sọdá wá ra àkàrà, wọ́n ń gbé e padà lọ jẹ pẹ̀lú tíì. Ìyá Ràfíù ní láti tún ẹ̀wà rẹ sínú omi. Bàbá mi ní ṣúgà ni. Ìyá Àgbà ní ọghọ́ ni. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láti ìgbà yẹn, mo sì ti kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé Ọlọ́run ló ń fún ènìyàn ní oúnjẹ òòjọ́, ó sì lè gba ọ̀fun ọmọdé kan tí kò lè purọ́ fi í ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Ìpele ti ń pè mí láti òkèèrè bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. "Mójí, wá o, èyí tó rọ̀ jù ni mo fi pamọ́ fún ọ." Ọmọ onímú náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ ohun tó ṣẹ̀. Mo pín iṣu náà sí méjì, mo fún un ní ìdajì. Ìyá Ràfíù pè mí, epo rẹ̀ sì ti gbóná. Ìyá mi nìkan ni kò pè mí. Mo mọ̀ báyìí pé ojú ló ń tì í. Nígbà náà, mo rò pé ó ṣì ń bẹ̀rù mi ni. Nítorí náà mo ń pẹ́ nílé ìwẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe, ó sì ń tà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, a ń kí ara wa, a ń gbàdúrà pọ̀, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu ba igbá náà. Ó tó ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí a fi wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ilé ni ilé ìwẹ̀ wa wà, páànù àti pákó ni wọ́n fi yí i ká, ẹni tó bá wà níbẹ̀ sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ iwájú ilé. Mo wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọṣẹ wà ní ojú mi, mo ń bu omi díẹ̀díẹ̀ kó má baà tètè tán. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ bàbá mi dúró. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó kí ìyá mi, mo sì mọ̀ ọ́n: ọ̀gá ilé-ìwé wa ni.

"Ẹ fún mi ní ẹ̀kọ mẹ́wàá, Ìyá Mójí. Mo ní àlejò nílé, mo ń kánjú."

Mo fi ọwọ́ gbá páànù mú. Mo ń retí ìró ewé, bí ẹ̀kọ ṣe máa ń dún bí wọ́n bá ń kó o kúrò lórí ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ìyá mi ní, "ẹ bá mi ní sùúrù díẹ̀. Ẹni tó ń ṣí ọjà mi ń wẹ̀ lọ́wọ́."

"Mo ní mo ń kánjú."

"Mo gbọ́, sà. Kò ní í pẹ́."

Mo da gbogbo omi tó kù lé ara mi lórí. Nígbà tí mo sáré yọ, ọṣẹ ṣì wà ní etí mi, aṣọ mi sì lẹ̀ mọ́ mi lára. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró sí etí gọ́tà, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, dírẹ́bà méjì sì ti tò lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi ò wo ojú mi. Ó tú ẹ́pìnnì láti etí ìró rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo gbà á, mo yípo, mo fi lé e lọ́wọ́ padà, ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ẹ́pìnnì náà nínú rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ká aṣọ funfun kúrò lórí igbá.